Ilé ìwádìí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Berkeley: ta ló ni ín, ta ló sì ń ṣiṣẹ́ fún?

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin 2024, òfin ti sọ ọ́ di dandan ní Kalifóníà pé kí àwọn ilé bọ́gà ńláńlá máa san 20 dọ́là, ó kéré tán, fún iṣẹ́ wákàtí kan. Láti ìgbà náà ni ìròyìn méjì tó tako ara wọn ti ń ti orí fóònù kan bọ́ sí òmíràn. Ọ̀kan ní iṣẹ́ 18,000 ti lọ. Èkejì ní kò síṣẹ́ tó lọ, pé bọ́gà kàn gbówó lé díẹ̀ ni. Ọmọwé ló ṣe méjèèjì, ìṣirò ìjọba ni àwọn méjèèjì sì ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá wo ìsàlẹ̀ ìwé kejì dáadáa yóò rí orúkọ Yunifásítì Kalifóníà ní Berkeley níbẹ̀, ibẹ̀ ni ìjà mìíràn sì ti ń bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan á ní ilé ìwádìí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ nìyẹn, kí a má dá wọn lóhùn. Àwọn mìíràn á ní fásitì ìjọba ni, ọ̀rọ̀ wọn kò ní àbùlà.

(Ilé bọ́gà ni mo máa pè wọ́n jálẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn tó ń ta písà àti adìẹ díndín wà nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ tó bá ní ẹ̀ka 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ káàkiri Amẹ́ríkà ni òfin náà mú.)

Kí ni ilé ìwádìí yìí gan-an?

Institute for Research on Labor and Employment ni orúkọ rẹ̀ báyìí. Nígbà tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1945, Institute of Industrial Relations ló ń jẹ́. "Industrial relations" yẹn ń dún bí ọ̀rọ̀ ńlá, àmọ́ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín ẹni tó gbani síṣẹ́ àti ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ náà ni. Èló ni wọ́n á san? Wákàtí mélòó ni iṣẹ́ ọjọ́ kan? Bí ẹ̀rọ bá gé òṣìṣẹ́ lọ́wọ́, ta ló máa san owó ọsibítù? Bí àdéhùn bá sì fọ́, ta ló máa pè wọ́n jókòó? Òpópónà Channing, ní ìhà gúúsù ọgbà fásitì náà, ni ọ́fíìsì wọn wà. UCLA, ọgbà Yunifásítì Kalifóníà tó wà ní Los Angeles, ní èkejì rẹ̀. Ìbejì ni wọ́n, ọdún kan náà ni wọ́n bí wọn.

Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú mọ́ èèyàn lójú ni pé oríṣiríṣi ẹ̀ka ló wà lábẹ́ òrùlé kan náà. Ọ̀kan ni Labor Center, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1964. Ìyẹn ń ṣe ìwádìí, ó sì tún ń kọ́ àwọn aṣojú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní bí wọ́n ṣe ń dúnàádúrà àti bí wọ́n ṣe ń darí ẹgbẹ́. Òmíràn ni Center on Wage and Employment Dynamics, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ ìṣirò owó iṣẹ́ àti iye èèyàn tó ń ríṣẹ́ ṣe. Ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Reich ni gbogbo ayé mọ̀ mọ́ ọn, ibẹ̀ sì ni ìwádìí bọ́gà ti jáde. Ṣùgbọ́n bó bá ti dé orí íntánẹ́ẹ̀tì, "Labor Center Berkeley" ni gbogbo rẹ̀ ń jẹ́, bí ìgbà tí èèyàn ń fi orúkọ àkọ́bí pe gbogbo ọmọ inú ilé. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kan ẹ̀ka kan á wá lọ lẹ̀ mọ́ èkejì lára.

Ta ló kọ́kọ́ ronú kan irú ilé báyìí?

Ìdáhùn rẹ̀ máa ya ọ̀pọ̀ èèyàn lẹ́nu. Ilé irú èyí tó kọ́kọ́ dúró ní fásitì Amẹ́ríkà wà ní Princeton, 1922 ni wọ́n dá a sílẹ̀, owó ìdílé Rockefeller ló sì wà nídìí rẹ̀. Olówó epo ni wọ́n, agbanisíṣẹ́ pátápátá.

Ohun tó gbé wọn débẹ̀ kò dára í gbọ́. Àwọn tó ń wa èédú ní Ludlow, ní ìpínlẹ̀ Colorado, daṣẹ́ sílẹ̀. Ilé-iṣẹ́ tí àwọn Rockefeller ń darí lé wọn kúrò nínú ilé tó fún wọn, wọ́n bá lọ pàgọ́ sí ìta gbangba pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ. Ní ọjọ́ 20 oṣù kẹrin 1914, àwọn sójà ìpínlẹ̀ náà àti àwọn ẹ̀ṣọ́ ilé-iṣẹ́ yìnbọn sí àgọ́, iná sì ràn. Wọ́n bá òkú obìnrin méjì àti ọmọdé 11 nínú kòtò kan tí wọ́n sá sí lábẹ́ ọ̀kan nínú àwọn àgọ́ náà. Orúkọ ìdílé náà bàjẹ́ káàkiri ayé. Lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwọn onímọ̀ tó lè sọ fún wọn bí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ṣe lè máa bá ara wọn gbé láìsí ìbọn. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ló dá irú ilé ìwádìí báyìí sílẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ti ṣi ìtàn kà.

Ti Kalifóníà ńkọ́?

Ọjọ́ 5 oṣù keje 1934, àwọn ọlọ́pàá yìnbọn sí àwọn òṣìṣẹ́ èbúté tó ń yanṣẹ́ lódì ní San Francisco, èèyàn méjì kú. Kò pẹ́ sígbà náà tí gbogbo ìlú fi dáṣẹ́ sílẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ogun àgbáyé kejì mú kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ṣe sùúrù, ṣùgbọ́n gbogbo èèyàn mọ̀ pé bí ogun bá ti parí, wọ́n á béèrè ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Earl Warren ni gómìnà nígbà náà, ọmọ ẹgbẹ́ Republican sì ni. Abẹ́ rẹ̀ ni ilé aṣòfin ti fọwọ́ sí ilé ìwádìí náà ní 1945, pé kó wà fún òṣìṣẹ́, fún agbanisíṣẹ́, àti fún ará ìlú. Clark Kerr ni ọ̀gá àkọ́kọ́ ní Berkeley. Onímọ̀ ọrọ̀ ajé ni, ṣùgbọ́n alárinà ló fi ń ṣiṣẹ́ ṣe nígbà ogun: òun ni wọ́n ń pè tí ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ bá kọjú ìjà síra wọn. Nígbà tó ṣe, ó di ààrẹ gbogbo Yunifásítì Kalifóníà.

Ilé náà kò tíì pé ọdún méjì tí ohun tí wọ́n ń bẹ̀rù fi ṣẹlẹ̀ ní Oakland, tó mú ilé ti Berkeley. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kìíní oṣù kejìlá 1946, àwọn ọlọ́pàá ṣíwájú ọkọ̀ akẹ́rù wọ àárín ìlú, kí wọ́n lè já ọjà fún ṣọ́ọ̀bù ńlá méjì tí àwọn òṣìṣẹ́ wọn, obìnrin ló pọ̀ jù níbẹ̀, ti ń yanṣẹ́ lódì. Awakọ̀ ọkọ̀ ojú irin ìgboro kan débẹ̀, ó rí ohun tó ń lọ, ó pa ọkọ̀ síbẹ̀, ó ní òun ò wà á mọ́. Àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò rọ́nà gbà. Nígbà tó fi di ọjọ́ Ìṣẹ́gun, òṣìṣẹ́ tó lé ní 100,000 ti daṣẹ́ sílẹ̀ ní gbogbo agbègbè náà. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n ní kí ilé ìwádìí náà máa wá ojútùú sí ti dé ẹnu ọ̀nà wọn.

Owó ta ni wọ́n ń ná?

Owó ìjọba ìpínlẹ̀ ni òpó rẹ̀, owó àwọn àjọ olóore àti ti iṣẹ́ àkànṣe sì wà lára rẹ̀. Ibí ni òṣèlú ti ń wọ̀ ọ́. Ní 2000, nígbà tí Gray Davis tó jẹ́ Democrat wà lórí àga, ilé aṣòfin fi mílíọ̀nù 6 dọ́là lọ́dún kún owó ìwádìí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní yunifásítì náà. Arnold Schwarzenegger, òṣèré sinimá tó di gómìnà ní ìparí 2003, dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Ní 2008, ó fi kálàmù fagi lé ohun tó kù nínú ìwé ìṣúná. Àwọn aṣòfin tó fẹ́ràn ilé náà wá owó dí i lọ́nà mìíràn.

Ìjọba yí padà, owó náà yí padà. Ní 2022, ìwé ìṣúná Kalifóníà ya mílíọ̀nù 13 dọ́là lọ́dún sọ́tọ̀ kí irú ilé yìí lè tàn dé àwọn ọgbà yunifásítì náà tí kò ní tẹ́lẹ̀. Ṣáájú ìyẹn, UCLA ti ní ilé tirẹ̀ ní àdúgbò MacArthur Park ní Los Angeles. Ní 2021 ni wọ́n fi orúkọ James Lawson sọ ọ́, òjíṣẹ́ Ọlọ́run tó kọ́ àwọn ajàfẹ́tọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú ní bí èèyàn ṣe ń jà láìgbé ọwọ́ sókè, tó sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ UCLA náà kó tó kú ní 2024.

Báwo ni ọmọwé méjì ṣe ń wo nǹkan kan tí wọn kì í rí ohun kan náà?

Ká ní àgbẹ̀ kan da ajílẹ̀ sí oko àgbàdo rẹ̀, tí àgbàdo náà sì so jìngbìnnì. Ṣé ajílẹ̀ ló ṣe é ni, àbí òjò ọdún yẹn ló dára? Ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á lọ wo oko tó bá a pààlà, tí òjò kan náà rọ̀ sí ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò da ajílẹ̀ sí. Gbogbo ìjà tí wọ́n ti ń jà láti nǹkan bí 30 ọdún sẹ́yìn kò ju ìyẹn lọ: oko wo la máa fi wé?

David Card àti Alan Krueger, ní Princeton kan náà tí a sọ lókè, ló dá a sílẹ̀. Ní oṣù kẹrin 1992, New Jersey gbé owó iṣẹ́ tó kéré jùlọ láti 4.25 dọ́là lọ sí 5.05. Pennsylvania tó wà lódì kejì odò kò fi kọ́bọ̀ kún tirẹ̀. Wọ́n bá kó orúkọ ilé bọ́gà 410 jọ ní ìhà méjèèjì, wọ́n pè wọ́n lórí fóònù ṣáájú kí owó tó gòkè, wọ́n tún padà lọ bá wọn lẹ́yìn rẹ̀: òṣìṣẹ́ mélòó lẹ ní, èló lẹ ń ta oúnjẹ? Nígbà tí àbọ̀ ìwádìí náà jáde ní 1994, kò sí àmì pé iṣẹ́ dínkù ní New Jersey. Ohun tí ìwé àwọn onímọ̀ ọrọ̀ ajé ń kọ́ni nígbà náà ni pé bí ohun kan bá wọ́n, àwọn èèyàn á dín bí wọ́n ṣe ń rà á kù, òṣìṣẹ́ náà sì wà nínú ohun tí à ń rà. Inú ọ̀pọ̀ wọn kò dùn. David Neumark àti William Wascher gba ìwé owó oṣù láti ọ̀dọ̀ àwọn ilé bọ́gà fúnra wọn, wọ́n sì ní iṣẹ́ dínkù. Card àti Krueger padà wá pẹ̀lú ìṣirò ìjọba, wọ́n ní àwọn ṣì dúró lórí ọ̀rọ̀ àwọn. Card kó lọ sí Berkeley, ó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 2021. Krueger ti kú ní 2019.

Reich àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Berkeley mú ọgbọ́n odò yẹn, wọ́n fẹ̀ ẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2010, dípò ìpínlẹ̀ méjì, wọ́n wo àwọn agbègbè méjì méjì tó bá ara wọn pààlà káàkiri Amẹ́ríkà, tí owó iṣẹ́ ọ̀kan ga ju ti èkejì lọ. Owó gòkè, iṣẹ́ kò lọ, ni wọ́n wí. Neumark, tó ti wà ní Irvine nígbà náà, ní oko aládùúgbò kọ́ ló yẹ kí a máa fi wé ní gbogbo ìgbà. Ilẹ̀ ibòmíràn lè jọ ọ́ jù ú lọ.

Seattle, ní ìpínlẹ̀ Washington, ni ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti gbóná jù. Ìlú náà ṣòfin ní 2014 pé owó iṣẹ́ wákàtí kan á máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi di 15 dọ́là. Ní oṣù kẹfà 2017, kò ju ọjọ́ mélòó kan lọ síra wọn tí àbọ̀ ìwádìí méjì fi jáde. Ti Berkeley wo ilé oúnjẹ nìkan: owó gòkè, iṣẹ́ dúró. Ti Yunifásítì Washington, tí ìlú fúnra rẹ̀ gbé iṣẹ́ fún, ní nígbà tí owó dé 13 dọ́là, wákàtí iṣẹ́ àwọn tí owó wọn kéré fi bíi ìdá 9 nínú 100 dínkù, tó fi jẹ́ pé, bí a bá pín in dọ́gba, 125 dọ́là lóṣù ni òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan pàdánù. Ariwo sọ. Ó sì tún wá hàn pé ọ́fíìsì olórí ìlú ti fi iṣẹ́ àwọn ará Washington han àwọn ará Berkeley kó tó jáde.

Ẹ wo ohun tí ìhà kọ̀ọ̀kan mú àti ohun tó fi sílẹ̀. Washington ní ohun tí ìpínlẹ̀ púpọ̀ kò ní: ìjọba ibẹ̀ ń kọ wákàtí tí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ṣe sílẹ̀. Ṣùgbọ́n wọn kò lè mọ ẹ̀ka wo ni òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ẹlẹ́ka púpọ̀ ti ń ṣiṣẹ́, nítorí náà wọ́n yọ irú ilé-iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kúrò, àwọn ilé bọ́gà ńlá tó jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ fúnra rẹ̀ sì wà lára wọn. Berkeley kò yọ wọ́n, ṣùgbọ́n iye iṣẹ́ ló rí, kò rí wákàtí, kò sì wo ibòmíràn yàtọ̀ sí ilé oúnjẹ. Ọrọ̀ ajé Seattle sì ń gbèrú gidi lásìkò náà: bí òṣìṣẹ́ kan bá ti iṣẹ́ 12 dọ́là bọ́ sí iṣẹ́ 20 dọ́là, a máa dà bíi pé iṣẹ́ olówó kékeré kan ti sọnù. Ọdún tó tẹ̀ lé e, àwọn ará Washington kan náà tún rí i pé owó àwọn tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ gòkè, pé àwọn tí kò tíì mọṣẹ́ ni kò rí èrè púpọ̀ níbẹ̀. Ìyẹn kò rìn jìnnà lórí íntánẹ́ẹ̀tì bí 125 dọ́là ṣe rìn.

Kí wá ni "iṣẹ́ 18,000" túmọ̀ sí?

Kò túmọ̀ sí pé wọ́n lé èèyàn 18,000 kúrò lẹ́nu iṣẹ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Jeffrey Clemens àti àwọn méjì mìíràn ló ṣe ìwádìí náà, ó jáde ní oṣù keje 2025. Oko tí wọ́n fi wé ni àwọn ilé bọ́gà ní ìyókù Amẹ́ríkà. Láti oṣù kẹsàn-án 2023 sí oṣù kẹsàn-án 2024, wọ́n ní iṣẹ́ nílé bọ́gà Kalifóníà fi ìdá 2.7 nínú 100 rẹ̀yìn sí ti ibòmíràn. Bí wọ́n sì ṣe gbé e gba oríṣiríṣi ọ̀nà, wọ́n ní ó jẹ́ nǹkan bí iṣẹ́ 18,000 tí ì bá wà ká ní òfin náà kò sí. Iṣẹ́ "tí ì bá wà" ni. Àárín rẹ̀ lè jẹ́ ẹni tí wọ́n lé, ó sì lè jẹ́ ẹni tó fiṣẹ́ sílẹ̀ tí wọn kò fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀.

Berkeley ní tiwọn kó iye owó tí ilé bọ́gà kọ sí mẹ́nù orí íntánẹ́ẹ̀tì jọ ṣáájú òfin àti lẹ́yìn rẹ̀. Nínú èyí tó jáde ní oṣù kẹsàn-án 2024, owó oúnjẹ gbé ìdá 3.7 nínú 100 sókè: bọ́gà 4 dọ́là di 4.15. Iye iṣẹ́ kò sì dínkù, ni wọ́n sọ.

Ìyàtọ̀ kan wà tí ọ̀pọ̀ kì í rí. Oṣù kẹsàn-án 2023 ni Gómìnà Gavin Newsom buwọ́ lu òfin náà, ṣùgbọ́n oṣù kẹrin 2024 ni ó mú ẹsẹ̀ rin, tí owó wákàtí kan fi fò láti 16 dọ́là sí 20. Ẹni tó gbà pé àwọn ọ̀gá ti ń dín èèyàn kù láti ìgbà tí wọ́n ti gbọ́ pé òfin ń bọ̀ á bẹ̀rẹ̀ kíkà láti ìgbà ìbuwọ́lù. Ẹni tó gbà pé kò sí ohun tó lè ṣẹlẹ̀ kí owó tó gòkè á bẹ̀rẹ̀ láti oṣù kẹrin. Ìbẹ̀rẹ̀ kíkà nìkan lè yí èsì padà.

Kí ni ẹ̀sùn tí wọ́n fi ń kàn wọ́n, kí sì ni ìdáhùn wọn?

Ẹ̀sùn náà wúwo: pé wọ́n ń fi owó orí ará ìlú tọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ dàgbà, pé ìwádìí wọn máa ń jáde lásìkò tí ẹgbẹ́ nílò rẹ̀, àti pé ọ̀kan nínú ẹ̀ka wọn ń kọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ní ọgbọ́n ìdúnàádúrà. Èyí tó kẹ́yìn yìí kò ní àríyànjiyàn nínú, àwọn fúnra wọn ò fi pamọ́. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé fásitì ìjọba kan náà ń fi owó ìjọba kọ́ ọmọ ọlọ́jà ní ìṣòwò, ó ń fi kọ́ àgbẹ̀ ní ọ̀gbìn, kò sì sí ẹni tó ń pè é ní ojúsàájú. Nípa ìṣirò, wọ́n ní kí ẹni tó bá rò pé àwọn purọ́ tún un kà.

Kò pin sí Kalifóníà. Ní 2011, àjọ kan tó ń jẹ́ Mackinac Center fi òfin ìwífún béèrè ímeèlì àwọn olùkọ́ ẹ̀kọ́ òṣìṣẹ́ ní fásitì mẹ́ta ní Michigan, pàápàá èyí tí wọ́n bá ti dárúkọ ìjà gómìnà Wisconsin pẹ̀lú ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. Àwọn olùkọ́ ní ìdẹ́rùbani ni. Àjọ náà ní owó ará ìlú ni, ará ìlú ló yẹ kó rí i.

Ohun kan tó yẹ kí ẹni tó bá ń pe "Yunifásítì Kalifóníà" ní ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ mọ̀: Clemens tó kọ 18,000 ń kọ́ni ní San Diego, Neumark ní Irvine. Yunifásítì Kalifóníà ni San Diego, òun náà ni Irvine.

Ṣé irú rẹ̀ wà nílé?

Èyí tó sún mọ́ ọn jù ni Michael Imoudu National Institute for Labour Studies ní Ìlọrin. Kò sí lábẹ́ fásitì, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ló ni ín. Láti nǹkan bí 40 ọdún sẹ́yìn ni wọ́n ti ń kọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti àwọn agbanisíṣẹ́ níbẹ̀. Ó bọ́ síra pé 1945 tí Berkeley gba ilé ìwádìí tirẹ̀ ni ọdún tí Imoudu, aṣáájú òṣìṣẹ́ rélùwéè, darí ìyanṣẹ́lódì ńlá tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba Nàìjíríà fi béèrè owó ọ̀wọ́n ọjà, tó sì gbà ju oṣù kan lọ. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ sọ 70,000 náírà di owó oṣù tó kéré jùlọ ní oṣù keje 2024, wọ́n ní ọdún mẹ́ta mẹ́ta ni wọn yóò máa tún un wò. Ìbéèrè oko wo la máa fi wé ń bọ̀ wá bá àwa náà.

Kí ló kù ní Kalifóníà?

Òfin bọ́gà náà dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, tí òṣìṣẹ́, onílé bọ́gà àti aṣojú ará ìlú jọ wà nínú rẹ̀. Ó lágbára láti fi kún 20 dọ́là náà lọ́dọọdún títí di 2029, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ ju ìdá 3.5 nínú 100 lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ ti béèrè pé kó di 20.70, àwọn onílé bọ́gà kò fẹ́. Ìṣirò ìjọba àpapọ̀ tó ń ka iye òṣìṣẹ́ agbègbè kọ̀ọ̀kan máa ń jáde lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, ó sì máa ń tó oṣù márùn-ún tàbí mẹ́fà kó tó dé ọwọ́ ará ìlú. Bó bá ti jáde, fáìlì kan náà ni wọ́n ń ṣí ní Channing àti ní San Diego.